Ẹkùn Tó Kẹ̀yìn sí Òpó

Ìyá Alábẹ́rẹ́ ń gé òwú tó yọ sílẹ̀ lára àsíá tuntun náà nígbà tí àyà rẹ̀ já. Ó yí aṣọ náà padà, ó tún un yí. Ó gbé e lọ sójú fèrèsé, bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ lè bá a tún ohun tí ọwọ́ ti bà jẹ́ ṣe. Ẹkùn tó wà lójú kìíní kọjú sí òpó. Èyí tó wà lójú kejì kẹ̀yìn sí i.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ àsíá lè ní kí ló wá burú níbẹ̀, ẹkùn ṣáà ni ẹkùn ń jẹ́. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun yìí, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Bí sójà bá gbé àsíá, òpó ló ń ṣíwájú, aṣọ á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ bọ̀ lẹ́yìn. Ẹkùn tó kọjú sí òpó ń lọ sójú ogun. Èyí tó kẹ̀yìn sí i ń sá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń rán aṣọ méjì mọ́ra, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, tí wọ́n sì ń dojú páálí àwòṣe dé kí wọ́n tó ya ẹkùn kejì. Ìyá Alábẹ́rẹ́ ti ń ṣe é láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dojú páálí dé.

Lọ́wọ́ aránṣọ mìíràn, àṣìṣe lásán ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n ìlà omi búlúù kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹkùn náà. Lẹ́yìn ogun odò ni wọ́n fi í kún àmì ẹgbẹ́, ní ìrántí àwọn tó dúró létí odò títí wọ́n fi kú síbẹ̀. Ọkọ Ìyá Alábẹ́rẹ́ wà lára àwọn tó lọ. Kò sí lára àwọn tó dúró. Ó sọ ìbọn sílẹ̀, ó gba inú igbó, ó dé ilé láàyè. Wọ́n tì í mọ́lé fúngbà díẹ̀, wọ́n lé e níṣẹ́, gbogbo bárékè sì sọ ọ́ ní Ẹsẹ̀yá. Òun fúnra rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí oúnjẹ: "Akin tó mọ̀ ọ́n jà, tí kò mọ̀ ọ́n sá, ní í bá ìjà lọ. Ó yá, bu ẹran sí i fún mi." Ìyàwó rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á bu ẹran sí i. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: inú rẹ̀ dùn pé ó sá. Kò sọ ọ́ síta rí, títí àìsàn fi mú ọkùnrin náà lọ lórí ibùsùn ara rẹ̀.

Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìsá yẹn ti di sájẹ́ńtì báyìí. Òun ni yóò gbé àsíá tuntun lójú gbogbo ayé láàárọ̀ yìí. Ẹkùn tó ń sá, ìyàwó Ẹsẹ̀yá ló rán an, ọmọ Ẹsẹ̀yá ló gbé e! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọmọ náà wọlé pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́. "Maami, wọ́n ti ń tò. Ẹ gbé e wá."

Ìyá rẹ̀ fi ẹkùn kejì hàn án. Ojú ọmọ náà ṣú.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi àti ìwọ ni."

"Ó ti parí. Ẹ má sọ fún ẹnì kankan. Afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ ẹ, kò sẹ́ni tó máa rí i."

"Nínú bárékè yìí? Àwọn tó ń fojú wá bọ́tìnnì tó já láyà ẹlòmíì?"

"Maami, tẹ́ ẹ bá sọ, wọ́n á gba àsíá lọ́wọ́ mi. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí lọ́mọ Ẹsẹ̀yá. Òní nìkan ni mo ní kí wọ́n fi pè mí ní nǹkan mìíràn."

Ọ̀rọ̀ náà gún ìyá rẹ̀ lọ́kàn. "Tí wọ́n bá fúnra wọn rí i, wọ́n á ní a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Jẹ́ kí n lọ jẹ́wọ́."

Ọ̀gá àgbà bárékè ń de bẹ́líìtì rẹ̀ nígbà tí Ìyá Alábẹ́rẹ́ gbé àsíá wọlé. Fèrè ti dún lẹ́ẹ̀kan níta. Ọ̀gá wo àsíá náà títí.

"Ọwọ́ mi ló ṣìṣe, sà. Ọmọ mi ò mọwọ́ mẹsẹ̀."

"Ọwọ́ nìkan, Ìyá?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Èyí àtijọ́ ńkọ́?"

"Ó ti gbó, sà. Tí afẹ́fẹ́ bá fọwọ́ kàn án, ó ya nìyẹn."

Fèrè tún dún. Ọ̀gá dé fìlà. "Wọ́n á gba ọwọ́ òdì la àárín pápá kọjá. Ojú tó dára á kọ sí àwọn àlejò. Ojú kejì á kọ sí àwọn opó." Kò wo ojú rẹ̀ nígbà tó sọ èyí.

Àwọn opó ogun odò ló máa ń tẹ́wọ́ gba àsíá tuntun nínú ẹgbẹ́ yẹn. Bó bá ń kọjá, Olórí Opó ló ń kọ́kọ́ dìde. Bí kò bá dìde, ẹnì kankan kò gbọdọ̀ dìde. Àsíá náà á padà sínú àpótí, ẹni tó gbé e kò sì ní gbé òmíràn mọ́ láyé. Létí odò ni ọkọ Olórí Opó kú sí. Láti ìgbà náà, kò dáhùn ìkíni Ìyá Alábẹ́rẹ́ rí.

Ìyá Alábẹ́rẹ́ ì bá jókòó sínú iyàrá ìránṣọ rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lọ jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì tí Olórí Opó wà. Àwọn ìyókù sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àsíá yọ. Oòrùn mú òwú wúrà ara ẹkùn náà, ó ń dán yanran, gbogbo ojú lọ́dọ̀ àwọn opó sì rí i kedere: ẹkùn ń sá, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi. Òógùn ń ṣàn lójú ọmọ tó gbé e, ọrùn rẹ̀ le gan-an. Ẹnì kan pòṣé.

"Ẹ ẹ̀ rí i ni? Ẹkùn yẹn ń sá!"

"Ta ló gbé e? Ọmọ Ẹsẹ̀yá mà ni!"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀. Olórí Opó kò mira. Àsíá dé ọ̀gangan wọn, ó fẹ́ẹ́ kọjá. Ìyá Alábẹ́rẹ́ di etí aṣọ rẹ̀ mú.

Ìgbà náà ni Olórí Opó, ìyá arúgbó náà, fi ọ̀pá ti ilẹ̀, ó dìde. Ẹ̀rín gé. Gbogbo bẹ́ǹṣì dìde tẹ̀ lé e. Ó dúró títí àsíá fi kọjá, kò mójú kúrò lára ẹkùn náà.

"Ọdún mélòó lo tún fi rí ọkọ rẹ," ó béèrè, "lẹ́yìn odò?"

Ìyá Alábẹ́rẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

"Mọ́kànlá, mà."

"Mọ́kànlá." Ìyá arúgbó náà na ọwọ́ sí i kí ó fà á dìde, nítorí òun nìkan ló ṣì jókòó. "Ì bá wù mí kí tèmi náà sá."