Ẹsẹ̀ Kejì Wà Lẹ́yìn Garawa

Èmi tí ẹ̀ ń wò yìí, mi ò mọ ẹsẹ̀ yà. Mo lè ya ojú ènìyàn kí ìyá rẹ̀ dá a mọ̀ lókèèrè, mo lè ya aṣọ kí ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n bó bá ti kan ẹsẹ̀, ìka á di mẹ́fà, àtàǹpàkò á lọ jókòó síbi tí kò yẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí obìnrin tí mò ń ya ìtàn rẹ̀ sórí fóònù fi máa ń dúró sẹ́yìn garawa. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ló máa ń hàn, màá sì fi àwọ̀ pupa bò ó dé ọrùn ẹsẹ̀ bí ẹni tó rin ilẹ̀ Mówè lẹ́yìn òjò, kí àṣìṣe mi má bàa hàn. Àwọn ènìyàn wò ó, wọ́n ní ọlọ́gbọ́n ni mí.

Iṣẹ́ bánà ni iṣẹ́ mi. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìbàfò, létí ọ̀nà márosẹ̀, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìtajà ti ń du ògiri mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bí pásítọ̀ bá fẹ́ ṣe ìsọjí, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ sin arúgbó, ọ̀dọ̀ mi náà ni. Nínú iṣẹ́ yìí, kò sí nǹkan tí kò ní ìtumọ̀. Ẹyẹ idì ni agbára. Iná, agbára náà ni. Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ni àṣeyọrí, ṣéènì tó já ni ìdáǹdè. Oníbàárà kan dá bánà padà fún mi rí torí pé idì mi ń wo apá òsì, ó ní idì apẹ̀yìndà ni. Mo yí orí ẹyẹ sí apá ọ̀tún, ó gbà á, ó sì ṣàdúrà fún mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tọ́ mi dàgbà. Ará Ẹdẹ ni wá. Ìyá wa kú nígbà tí mi ò tíì lè sọ̀rọ̀ dáadáa, orí ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi yìí ni mo sì ti mọ ayé. Ilé ọkọ ló wà báyìí ní Ifọ̀, nínú agboolé àwọn Mùsùlùmí kan tí wọ́n ní àwọn ti wà níbẹ̀ kí rélùwéè tó dé. Mo máa ń lọ kí i bí ṣọ́ọ̀bù bá gbà mí láàyè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a jókòó, à ń bó ẹ̀gúsí, ó kàn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí òun ṣe wọ ilé náà. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, bí wọ́n bá sin ìyàwó dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ, wọn kì í jẹ́ kó kàn ki ẹsẹ̀ bọlé. Wọ́n á bomi sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n á wẹ ẹsẹ̀ náà, wọ́n á ṣàdúrà pé ẹsẹ̀ ire ló gbé wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ò rí ìyẹn. Oyún oṣù mẹ́rin ló gbé lọ, kò sí ìgbéyàwó, kò sí ẹni tó sìn ín. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó ní kò sẹ́ni tó bomi sí òun lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wá kìlọ̀ fún mi gidigidi pé àwọn ará Ẹdẹ ò gbọdọ̀ gbọ́. Àbúrò bàbá wa, tí a ń pè ní bàbá kékeré, kì í gba ìwọ̀sí. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á kó ènìyàn wá bá àwọn àna jà, ilé tí ẹ̀gbọ́n mi ti fi ọdún mẹ́rìndínlógún tún ṣe á sì dàrú mọ́ ọn lórí. Mo ní kò ní í ti ẹnu mi jáde. Ó tún la ẹnu láti máa bá ọ̀rọ̀ lọ, fóònù mi dún. Pásítọ̀ kan ni, ọjọ́ ìsọjí rẹ̀ ti jáde lódì lórí bánà. Mo dìde, mo gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára, mo lọ.

Lóòótọ́, kò ti ẹnu mi jáde. Ọwọ́ mi ló gbà jáde.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya obìnrin kan tó wọ ilé ọkọ láìwẹ ẹsẹ̀. Mo fún un ní ojú tó rẹ̀, mo fún un ní ìborùn kan tó máa ń dì mọ́ ìbàdí, tí kì í tú u, bí ẹni tí ìrìn àjò rẹ̀ ò tíì parí. Kì í jókòó sórí àga ilé náà. Bó bá se oúnjẹ, ẹlòmíràn ló ń jẹ ẹ́. Erùpẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣí, bí òjò rọ̀, bí oòrùn ràn. Gbogbo nǹkan tó bá dáwọ́ lé ló ń bàjẹ́ torí ẹsẹ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ń pín in sínú gúrúùpù orí fóònù, ewé mẹ́rin lọ́sẹ̀. Mo rò pé ogún ènìyàn ló máa kà á. Kí oṣù tó parí, àwọn tó ń lọ ṣe ìsìn òru ní Kám̀pù lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ oṣù ti ń kà á nínú ọkọ̀, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn.

Ìtumọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. Tíṣà kan kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ pupa náà, ègún ìdílé ni. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń bá ènìyàn ra ilẹ̀ ní Mówè ní rárá o, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni: obìnrin náà dúró fún gbogbo àwa tá a kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí wọn ò jẹ́ ká fọkàn balẹ̀. Ìyáàfin kan ní inú garawa ni ọ̀rọ̀ wà, pé ilé ọmọ nínú obìnrin ni garawa dúró fún. Garawa tí mo fi bo ẹsẹ̀ tí mi ò mọ̀ ọ́n yà! Ó yẹ kí n sọ òótọ́, àbí? Mo dákẹ́. Ìyìn dùn mọ́ mi, kí n má parọ́.

Ó burú débi pé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ kan ní Mówè ní kí n wá là wọ́n lọ́yẹ. Mo wọ agbádá tí wọ́n bá mi rán fún ìsọmọlórúkọ, mo dúró níwájú wọn, mo ní ẹsẹ̀ òsì ni mo mọ̀ọ́mọ̀ lò, torí pé apá òsì ni ọkàn wà. Mo ní ẹsẹ̀ kejì tí ẹ ò rí ni ọjọ́ iwájú. Ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ náà, èmi gan-an ò mọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, aṣáájú wọn ní kí gbogbo wa dìde ká gbàdúrà fún gbogbo obìnrin tó bá wà nírú ipò bẹ́ẹ̀, pàápàá jù lọ fún èyí tó wà nínú àwòrán. Mo di ojú mi, mo ṣe àmín.

Ọjọ́ kẹta ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Kò kí mi. Ó ní, "Wá sí Ifọ̀ ní Sátidé," ó sì pa fóònù.

Mo mọ̀ pé ó ti rí àwòrán náà. Mo jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà lálẹ́ ọjọ́ náà láti pa obìnrin náà láwọ̀ dà kí àṣírí má tú. Mo gé irun rẹ̀. Mo yí yẹ̀rì rẹ̀ láti búlúù sí yẹ́lò. Mo kó ilé ọkọ rẹ̀ kúrò létí rélùwéè. Ẹsẹ̀ nìkan ni mi ò lè fọwọ́ kàn, àwọn òǹkàwé ì bá pa mí. Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni ẹjọ́. Mo wá ń wo ara mi bí ẹni tó jí àgbò, tó wá ń kun ìwo rẹ̀.

Ní Sátidé, mo wọkọ̀ láti Ìbàfò dé Bẹ́gà, mo wọ òmíràn lọ sí Sàngó, mo tún wọ òmíràn. Ní gbogbo ọ̀nà, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń tò. Nígbà tí mo dé, ẹ̀gbọ́n mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ìyá ọkọ rẹ̀ wà lórí ẹní nítòsí rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ìyá náà pé kí wọ́n foríjì mí, pé n kò ní í lọ́kàn láti tú ilé wọn síta. Ìyá wò mí títí, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n bi ẹ̀gbọ́n mi pé ṣé ọmọ yìí ò mọ ìparí ọ̀rọ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní òun ti ka gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn kọ sábẹ́ àwòrán náà, láti orí dé ìdí: pẹ̀lẹ́ o, arábìnrin, Olúwa á gbà ọ́, éèyà, obìnrin yìí mà jìyà o. Ó ní bàbá kékeré náà ti rí i ní Ẹdẹ, wọ́n sì ti mọ̀ pé òun ni, pé láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń sunkún lórí fóònù, wọ́n sì ti wá ọkọ̀ tí wọ́n máa fi kó ènìyàn wá jà ní Sátidé tó ń bọ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé mo wọ ibí láìwẹ ẹsẹ̀?"

Mo ní ẹ̀yin náà ni, ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ tá a ń bó ẹ̀gúsí.

"Mo ní kò sẹ́ni tó bomi sí mi lẹ́sẹ̀. Mo fẹ́ sọ ìyókù, o gbé fóònù, o dìde. O ò sì padà wá béèrè."

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló wá sọ ìyókù fún mi. Wọ́n ní àwọn wà lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ náà, inú àwọn ò dùn, àwọn sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti jáde ni. Gbogbo ilé náà fi ìyàwó sílẹ̀ síta, wọ́n ń wo ohun tó máa ṣe. Ọmọbìnrin yìí gbé báàgì sílẹ̀. Bútà tí bàbá ilé fi ń ṣe àlùwàlá wà lẹ́nu ọ̀nà, omi wà nínú rẹ̀. Ó gbé bútà náà, ó da omi sí ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó wẹ ọ̀tún, ó wẹ òsì, ó ṣàdúrà fún ara rẹ̀ sókè ketekete tí gbogbo agboolé fi gbọ́, ó ṣe àmín fún ara rẹ̀, ó wá wọlé. Bàbá ilé tó ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí bá ilẹ̀ tútù lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó ní ẹni tó lè gba ara rẹ̀ lálejò, òun ò lè lé e. Ìyá ní bí Iléyá bá dé, ìtàn yìí ni wọ́n fi ń jẹ ẹran nílé náà. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀ ọ́n, èmi tí mò ń là á yé gbogbo ayé.

Ẹ̀gbọ́n mi wá wò mí lójú. "O sọ mí di ẹni à ń káàánú," ni ó wí. "Ọdún mẹ́rìndínlógún, kò sẹ́ni tó ṣe ìyẹn sí mi nínú ilé yìí."

Mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀, gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo tò nínú ọkọ̀ ti tú ká. Ó ní òun ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀. Kí n ya ìyókù kí àwọn ará Ẹdẹ tó gbéra, kí n má sì fi garawa kankan síbẹ̀ mọ́, torí ẹsẹ̀ méjèèjì lòun wẹ̀. Mo wá jẹ́wọ́ ohun tí mi ò jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, pé mi ò mọ ẹsẹ̀ yà. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sí mi lórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí n wo ẹsẹ̀ dáadáa nígbà yìí.

Mo mú ìwé àti pẹ́ńsù. Òsì kò fún mi ní wàhálà púpọ̀, òun ni mo ti ń gbìyànjú láti ọjọ́ yìí. Nígbà tí mo dé orí ọ̀tún, mo rí àpá kan tó gba ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ kọjá, ó gùn, ó ń dán. Mo mọ àpá yẹn. Gìrì mú mi ní Ẹdẹ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjì. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, pọ̀n mí, ó sáré láìwọ bàtà lọ sí ọsibítù, ìgò gé e lójú ọ̀nà, kò sì dúró. Wọ́n sọ ọ́ fún mi láìmọye ìgbà nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ tó gbé mi là, òun ni mo ti ń fi garawa bò fún oṣù mẹ́ta, tí mo ní ọjọ́ iwájú ni. Omi bọ́ lójú mi sórí ìwé. Ó bi mí pé ṣé mo ti parí, pé ẹsẹ̀ ti ń ro òun.

Mo ya bútà, mo ya omi, mo ya ẹsẹ̀ méjì tó mọ́. Mo fi ránṣẹ́ ní Ọjọ́rú. Bàbá kékeré pe ẹ̀gbọ́n mi láti Ẹdẹ, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ikọ́ mú wọn, wọ́n sì dá ọkọ̀ náà dúró. Àwọn òǹkàwé mi ní tiwọn bínú. Tíṣà yẹn ní mo ba iṣẹ́ ọpọlọ jẹ́, pé ègún kì í lọ bẹ́ẹ̀ yẹn. Ọ̀gbẹ́ni tó ń bá ènìyàn ra ilẹ̀ kúrò nínú gúrúùpù. Ẹnì kan ní irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ò sí láyé.

Aṣáájú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ yẹn nìkan ló ṣì ní ìrètí nínú mi. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé òun rí ohun tuntun kan, àpá tó wà ní gìgísẹ̀ ọ̀tún, pé ó dájú pé ìtumọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, kí n wá là wọ́n lọ́yẹ ní Sọ́ńdè. Mo ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ̀wé padà sí i pé kò ní ìtumọ̀ kankan, pé bí ẹsẹ̀ obìnrin náà ṣe rí nìyẹn.