Ìwé Ṣẹ́ẹ̀sì Tí Délé Mú Lọ

Láàárọ̀ òní, bí mo ṣe ń gbá ẹ̀yìnkùlé wa, ìgbálẹ̀ mi kan ìdérí ìgò mínírà kan. Ó yí gbirigbiri lórí sìmẹ́ǹtì, ó sì dojú bolẹ̀. Ọwọ́ mi dúró. Ìró yẹn ni ìró ṣẹ́ẹ̀sì, eré orí pátákó tí ọmọ ogun méjì ti ń lé ọba ara wọn, létí mi láti ìgbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún.

Àwa méjì ni: èmi, ọmọ-ọmọ Alfa tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú ládùúgbò wa ní Ìwó, àti Délé, tí bàbá rẹ̀ àgbà jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Páálí ni pátákó wa. Ìdérí ìgò ni ọmọ ogun wa: ti ẹnì kan dojú bolẹ̀, ti èkejì kọjú sókè. Bírò ni a fi kọ ọba, ayaba àti ẹṣin sára wọn; bí òógùn ọwọ́ bá ti pa á rẹ́, ìjà dé nìyẹn. "Irọ́ ni! Ẹṣin mi nìyẹn!"

Bàbá Tíṣà ní ògbólógbòó ìwé kan tí eré àwọn ọ̀gá ayé wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí a máa ṣe àdàkọ eré kan lójoojúmọ́ sínú ìwé kékeré kan ṣoṣo tí a jọ ni, kí a sì máa ta á tẹ̀ lé e. A kò lè pe orúkọ àwọn ọ̀gá náà, nítorí náà a sọ wọ́n lórúkọ fúnra wa. Èyí tí kì í kánjú ń jẹ́ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èyí tó fi ayaba rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀tá, tó sì tún borí, ń jẹ́ Kò-ṣàánú-Ìyàwó.

Bí mo ti ń kọ́ kéú ni mo ṣe kọ́ ọ. Mo há gbogbo rẹ̀ sórí, mo ń kà á láìwo ìwé, orí mi sì ń wú. Délé kì í kà á jìnnà kó tó béèrè pé, "Kí ló dé tó fi gbé ìyẹn?" Ìbéèrè náà máa ń bí mi nínú.

Nígbà tí iṣẹ́ gbé bàbá Délé lọ sí Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ di ta ni yóò ni ìwé náà. Bàbá Tíṣà ní kí a ta ẹyọ kan, kí ẹni tó bá borí mú un. Mo mọ̀ pé tèmi ni. Mo bẹ̀rẹ̀ eré Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí mo ti há a. Ní ìgbésẹ̀ karùn-ún, Délé gbé ẹṣin rẹ̀ síbi tí kò sí nínú ìwé.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló lọ!" ni mo pariwo. "O ti ṣì í!"

Délé bú sẹ́rìn-ín. "Alfa kékeré, ẹ máa kà á lọ ná."

Bàbá Tíṣà kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. "Èyí kì í ṣe kéú, ọmọ mi. Ó ti gbé e. Ìwọ ńkọ́?"

N kò mọ ohun tí ǹ bá gbé. Kò pẹ́ tí ọba mi fi há sí kọ̀rọ̀. Délé mú ìwé lọ, mo sì sunkún títí ládàánì fi pe ìrun.

Mo ra ìwé mìíràn. Gbogbo eré náà ṣì wà lórí mi, mo sì kọ wọ́n padà. Ìbéèrè Délé nìkan ni kò sí níbẹ̀. Mo wá fi ìlà kan sílẹ̀ lábẹ́ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún un, mo sì ń dáhùn wọn díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà náà.

Lórí fóònù ni mo ń ta ṣẹ́ẹ̀sì báyìí. Bàbá Tíṣà ti papò dà, nọ́ńbà Délé kò sì wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n nínú eré Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo ti kọ ìgbésẹ̀ ẹṣin Délé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ọ̀gá. Mo kọ "Kí ló dé?" sábẹ́ rẹ̀. N kò tíì dáhùn ìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ bi.