Ọ̀bẹ Ọsàn Tíṣà Dorothy

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejì ọdún 2025, ẹ̀jẹ̀ Dorothy Oyèdọkùn ga dé ọgọ́sàn-án lórí àádọ́fà. Ummu-Salamah, nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Ìlọrà, ló sọ ọ́ fún mi. Tíṣà Dorothy fúnra rẹ̀ ló ní kó sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà á, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa rọpárọsẹ̀ tó pa ìyá rẹ̀.

Kó tó dọjọ́ náà, ibà ló ń pè é. Ní Fìdítì tó ń gbé, kí ni a kì í pè ní ibà? Orí ń fọ́ni, ibà ni. Oorun ò wá, ibà ni. Èèyàn jágbe mọ́ ọmọ kíláàsì tí kò ṣẹ̀ ẹ́, ibà ti wọ eegun nìyẹn. Tíṣà mu àgbo títí ẹnu rẹ̀ fi korò. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí ibà kankan níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wá bi í pé, “Màmá, tẹ́ ẹ bá ti ilé ìwé dé, kí lẹ máa ń ṣe?”

“Mo máa ń jókòó sọ́dẹ̀dẹ̀, kí n sinmi.”

“Ta ló máa ń wà níbẹ̀?”

Tíṣà rẹ́rìn-ín. “Gbogbo ayé.”

Òun ni ìyálé agbo ilé wọn. Ẹni tó bá ti rí i ní ìjókòó gbà pé kóòtù ti ṣí nìyẹn. Ẹni tí wọn ò dá ìkòkò rẹ̀ padà, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ò fẹ́ fẹ́yàwó, gbogbo wọn ló ń bọ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé “ó rẹ̀ mí.” “A dúpẹ́” ló mọ̀.

Nọ́ọ̀sì fún un lóògùn, ó sì ní kó wá wákàtí kan lóòjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní í bá a sọ̀rọ̀ ẹjọ́. Tíṣà délé, ó tilẹ̀kùn. Wọ́n kànkùn, wọ́n ní àwọn wá bẹ aláìsàn wò, wọ́n sì jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ro ẹjọ́.

Fàòsíyà ló yọ ọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ó ń ta ọsàn bíbó fún àwọn arìnrìn-àjò létí títì. Lọ́jọ́ kan, Tíṣà ń bá a bó ọsàn, ni ìyàwó kékeré ilé bá gbé ẹjọ́ dé. Fàòsíyà figbe ta:

“Ṣé o ò rọ́bẹ lọ́wọ́ ẹ̀ ni? A máa ń kó ẹjọ́ bá ẹni tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́? Bó bá gé ọwọ́, ṣé ìwọ lo máa kọ́ ọmọ ìwé lọ́la?”

Ìyàwó náà padà sílé. Láti ọjọ́ náà, ọ̀sọ̀ọ̀sán ni Tíṣà ń bó ọsàn.

“Ó ń fi ọsàn mi ṣoògùn,” ni Fàòsíyà wí fún mi, “kò tiẹ̀ dúpẹ́.”

Mi ò gbà á gbọ́. Mo padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀ sí ogóje lórí àádọ́rùn-ún. Ṣé ọsàn ni?

“Mi ò mọ̀. Ẹ má kọ ọ́ pé ọsàn ni o! Ẹ kọ ọ́ pé kì í fo oògùn ẹ̀.”

Mo ti kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mo jókòó ti Tíṣà àti Fàòsíyà, Nathaniel, ẹ̀gbọ́n ọkọ Tíṣà, dé láti Awẹ́. Òun àti àbúrò rẹ̀ yìí, ọkọ Tíṣà, ń jà lórí ilẹ̀. Tíṣà nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wọn nígbà tó ń kú lọ, àwọn méjèèjì sì fẹ́ kó sọ ẹni tí bàbá ní kó ni ín. Ó ti sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni kì í jẹ́ kóun sùn: èyí tóun bá sọ, ilé kan máa tú.

“Ẹ káàbọ̀, sà,” ni Tíṣà wí. Kò gbójú sókè.

Nathaniel rí ọ̀bẹ. Ọmọ Fìdítì ni, ó gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó béèrè ilé ìwé, ó béèrè òjò. Tíṣà ń bó ọsàn lọ, èèpo ń jáde tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, kò já. Fàòsíyà fẹsẹ̀ ti agbọ̀n ọsàn kejì sí i. Nathaniel na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń dúró kó bó o tán. Agbọ̀n kejì ń lọ sílẹ̀.

Ọkùnrin náà na ọrùn, ó wo inú agbọ̀n.

“Ìyàwó wa,” ló wí, “ọsàn ti tán.”