Ọrun Ọparun Tí A Fẹ́ Fi Tan Àlejò

Sokodé ni mo ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ní àdúgbò Kouloundè, mo sì gbà pé kò sí igi tó lè yọ mí lẹ́nu. Ìgbéraga yẹn wà lára mi lọ́dún tí bàbá mi ránṣẹ́ pè mí wálé sí Kambolé. Ayé ìgbà náà ni, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe olórí ilẹ̀ wa, fọ́tò rẹ̀ sì wà lára ògiri gbogbo ọ́fíìsì. Àlejò ńlá kan ń bọ̀ ní Tchamba, wọ́n sì ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan kó ohun àtijọ́ rẹ̀ wá fún un wò. Nínú ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ tiwa, ọrun bàbá bàbá mi wà níbẹ̀.

Ọrun náà kì í ṣe ọ̀pá kan lásán. Pẹlẹbẹ ọparun mẹ́ta ni bàbá àgbà tò léra, tó fi àtè awọ màlúù lẹ̀ wọ́n pọ̀, tó wá fi iṣan ẹran wé e. Òun ló fi ń lé ọ̀bọ lóko àgbàdo. Ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò, síbẹ̀ bí o bá fà á, òun náà á fà ọ́. Bàbá mi sì mọ bó ṣe máa ń rí: ohun tó bá wu àlejò ńlá, mọ́tò rẹ̀ ló ń bá a lọ.

Ó ní, "Ṣe irú rẹ̀ kan fún mi. Ìyẹn la ó gbé lọ. Bí wọ́n bá gbà á, kí wọ́n máa mú un lọ."

Mo ní ọjọ́ mẹ́ta ti tó. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Mo la ọparun, mo fi ìfági fá a títí tó fi ń dán bí apá àga. Mo fi àtè funfun inú agolo tí mo rà ní Sokodé lẹ̀ ẹ́. Ó rẹwà! Bàbá mi ṣe bìsímílà, ó fà á, ó ró pàá, ó dá sí méjì. Ìkejì tí mo ṣe kò tilẹ̀ pẹ́ tó o. Ojú tì mí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó wà nílé ọkọ ní Koussountou, wá kí wa. Ó mú àfọ́kù náà, ó fi àtàǹpàkò pa á, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló ní kí o bó o láwọ?"

"Ìyá, mo fẹ́ kó dán ni."

"Káfíńtà! Àga lo rò pé ò ń ṣe. Èèpo yẹn ni agbára rẹ̀. Inú nìkan ni bàbá wa máa ń fá, èèpo á kọjú síta. Èmi ni mo máa ń di orí kan mú fún un bó bá ń wé e."

Ó pẹ́ tó ti mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó bi í rí, torí a rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni ọ̀rọ̀ ọrun.

Ó dúró tì wá. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se awọ di àtè, gbogbo agbo ilé ń rùn, àwọn aládùúgbò ń bú wa. Òun náà ló di orí kan mú bí mo ṣe ń wé ìkẹta. A fi ọrun náà sókè ààrò kó lè dúdú. Nígbà tí bàbá mi ta á, ọfà wọ ìdí ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé ṣinṣin.

Ní Tchamba, bàbá mi ta á lẹ́ẹ̀kan lójú gbogbo èèyàn. Àlejò pàtẹ́wọ́. Ọmọọṣẹ́ rẹ̀ kan wá, ó rọra gba ọrun lọ́wọ́ bàbá mi, ó kọrí sídìí mọ́tò. Bí a ṣe fẹ́ kó rí gan-an nìyẹn. Ẹ̀rín ti ń pa mí nínú. Àfi bí bàbá mi ṣe sáré tẹ̀ lé e, tó ń fi èdè Tem tí wọ́n ń sọ ní Sokodé bẹ̀ ẹ́:

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà. Ọ̀kan wà nílé tó dàgbà ju èyí lọ, ti bàbá mi ni. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n lọ gbé e wá."

Àyà mi já. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní èyí náà ti tó, ó pa ilẹ̀kùn mọ́tò dé.

Bá a ṣe ń padà bọ̀, mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ sọ yẹn? Ẹ fẹ́ fún wọn ní ti bàbá yín?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ti bàbá mi, mo ti lò ó láti kékeré. Tìrẹ, mi ò tíì lò ó tẹ́ mi lọ́rùn."

Inú mi dùn. Nígbà tí a dé Kambolé, n kò bọ́ aṣọ òde ọrùn mi kí n tó mú àdá lọ sídìí ọparun.