Ìgbà Tí Mo Ní Kí Sájẹ́ńtì Fọ Tìróò Ojú Rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo ń ṣe sójà. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n tí mo bá ti rántí rẹ̀ báyìí, ẹ̀yìn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Ayé ìjọba òyìnbó ni, ó ku ọdún mélòó kan ká gba òmìnira. Wọ́n kó wa kúrò ní bárékè, wọ́n ní ká lọ pàgọ́ sápá Ìbà, lọ́nà Òkokomáíkò. Kí lẹ rò pé ó wà níbẹ̀ nígbà náà? Oko ẹ̀gẹ́, igbó àti ẹ̀fọn!

Kọ́púrà ni mí. Sájẹ́ńtì Rábíù, ọmọ Ọ̀jọ́ gan-an, ló wà lórí wa. Ọkùnrin yẹn le! Tí bọ́tìnnì rẹ ò bá dán, o gbé. Ṣùgbọ́n kì í rẹ́ wa jẹ nídìí oúnjẹ, kì í sì í purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Sájẹ́ńtì kejì tó wà nílẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Àdúrà wa ni pé kó má di ọ̀gá wa láéláé.

A wá gbọ́ pé ọ̀gá òyìnbó ń bọ̀ wá yẹ̀ wá wò, àti pé ọjọ́ náà ló máa mú ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ṣe Sájẹ́ńtì-Méjọ̀. Òyìnbó yìí kan náà ló já okùn ipò kúrò lápá ẹnìkan nítorí òwú dúdú tó so mọ́ ọrùn ọwọ́. Ohun tí ìjọba ò bá fún sójà, kò gbọdọ̀ hàn lára rẹ̀. Òfin ni.

Sájẹ́ńtì Rábíù gbàyè lọ sùn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ọ̀jọ́. Ìgbà tó dé láàárọ̀, kákí rẹ̀ gún régé, bàtà ń dán. Mo wá wo ojú rẹ̀. Yéè! Tìróò! Wọ́n ti lé e yípo ojú méjèèjì, ó dúdú kirikiri bíi ti ìyàwó tuntun.

Àwọn ọmọ ogun abẹ́ rẹ̀ ń bu ètè jẹ kí wọ́n má bàa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní èmi ni mo ní okùn lápá, èmi ni kí n lọ sọ fún un. Èmi kẹ̀? Iṣẹ́ àgọ́ pípa ti jẹ́ kó rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Ẹ sì mọ̀ pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n tí òyìnbó bá rí ojú yẹn, ó parí fún Sájẹ́ńtì nìyẹn, ó sì parí fún àwa náà.

Mo jáde lórí ìlà, mo kí i bí sójà ṣe ń kí ọ̀gá. Mo ní mo ní ọ̀rọ̀ kan, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ níwájú àwọn ọmọ. A bọ́ sẹ́yìn àgọ́ ìdáná. Mo rọra sọ fún un pé ẹ má bínú, sà, tìróò wà lójú yín, òyìnbó sì ti ń bọ̀ lọ́nà.

Ó yarí! Ó ní ìyá òun ló gbàdúrà sí i tó sì lé e fún òun ní ìdájí, tìróò ojú rere ni, pé tí òyìnbó bá ti fojú kan òun, kò ní lè sọ pé rárá. Ìyá ti kìlọ̀ fún òun pé òun ò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ títí òyìnbó á fi lọ. Ó ní, “Ṣé o fẹ́ kí n fomi fọ àdúrà ìyá mi dànù ni?”

Kí lẹ máa sọ tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni?

Mo ní, “Sà, àdúrà ìyá ti gòkè lọ bá Ọlọ́run láti ìdájí. Tìróò nìkan ló kù lójú yín.”

A gbọ́ ìró mọ́tò lókèèrè. Bó ṣe gba òróró lọ́wọ́ kúùkù nìyẹn, ó fi ń nu ojú, ó tún fi ọṣẹ sí i, ojú pọ́n bí ata. Nígbà tí òyìnbó bi í pé kí ló ṣe é lójú, ó ní eruku ni. Òyìnbó kọjá. Kó tó lọ, ó ti kéde rẹ̀: Rábíù ló di Sájẹ́ńtì-Méjọ̀!

Ẹ rò pé ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi? Ó ní mo jáde lórí ìlà láìgbàṣẹ. Ó gbé ṣọ́bìrì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ gbẹ́ ṣáláńgá. Nínú oòrùn yẹn! Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n mo gbẹ́ ẹ.

Mo ti wọlẹ̀ dé àyà nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, ó ti gbọ́ ìròyìn ayọ̀, ó gbé ẹja yíyan wá, ó ń jó bọ̀. Ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Sájẹ́ńtì ti purọ́ fún un pé ìgbà tí òyìnbó lọ tán lòun tó fọ tìróò náà. Ìyá ní, “Kọ́púrà, ọmọ mi, o rí i bí tìróò mi ṣe ṣiṣẹ́?”

Mo gbójú sókè látinú kòtò. Sájẹ́ńtì ń wò mí, kò lè mí.

Mo ní, “Ó ṣiṣẹ́ gan-an, Ìyá.”

Inú ìyá dùn. Ó ní ó hàn lójú mi pé ìyà ń jẹ mí, pé ojú rere ni kò sí lára mi. Ó tú ìgò tìróò kékeré jáde látinú ìró rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí ṣáláńgá, ó ní kí n gbé ojú wá. Ó ti rẹ̀ mí kọjá kí n jiyàn. Mo gbé ojú wá.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé: tí ọ̀gá yín bá ṣì í ṣe, ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ẹ má jẹ́ kó tẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró gba ọpẹ́ o! Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta lẹ ti yọ nínú ìtìjú rí, tó fi ṣọ́bìrì lé yín lọ́wọ́? Ẹ sọ tiyín fún mi, kí n mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mo wọ kòtò.