Táǹkì Àkọ́kọ́ Nìkan

Ó ti rẹ̀ mí kí ọ̀gá mi tó pè mí. Ìyá mi ń ṣàìsàn nílé, ní Ìjẹ̀bú, mo sì ti tọrọ àyè láti lọ wò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi, obìnrin tó ni ilé-iṣẹ́ wa ní Woji, kò gbà, àfi bí ètò kọ̀ǹpútà tí mo kọ láti máa ka àwọn táǹkì omi ọgbà ilé kan bá ṣiṣẹ́.

“My brother, na only first tank e dey read,” ó wí. “The rest don dry finish. Fix am, make you go see your mama.”

Mo jókòó tì í títí ojú fi ń ta mí, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń pariwo sí mi létí. Èdè kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní C ni mo fi kọ ọ́. Mo to ìwọ̀n omi táǹkì kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé ara wọn sínú ohun tí à ń pè ní array, bíi yàrá ilé ayálégbé. Níbi tí mo ti tò wọ́n, kọ̀ǹpútà mọ iye wọn. Àṣejù ni baba àṣetẹ́: mo fẹ́ kí iṣẹ́ náà fínjú, mo bá gbé ìṣirò rẹ̀ lọ sí apá mìíràn nínú ètò náà. Bí array bá sì ti kúrò nílé báyẹn, àdírẹ́sì yàrá àkọ́kọ́ nìkan ló ń dé ọ̀hún. Òun ni pointer. Ẹni tó mú un lọ́wọ́ á dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò ní mọ ibi tí ilé parí sí. Èmi wá ní kí kọ̀ǹpútà fi àdírẹ́sì yẹn ka yàrá. Ó ní ọ̀kan ni.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí n fi iye táǹkì ránṣẹ́ pẹ̀lú àdírẹ́sì lọ. Inú bí mi pé nǹkan kékeré báyìí ló fẹ́ fi ìyá mi dù mí.

Ọ̀gá mi yẹ gbogbo táǹkì wò, ó ní kí n máa lọ. Mo pe ìyá mi. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín.

“Màmá, à ń bọ̀ lọ́la.”

“Ẹ ó bá mi láyọ̀. Ẹ̀yin mélòó ni, kí wọ́n lè tẹ́ ẹní dè yín?”

Iṣẹ́ ò jẹ́ kí n délé láti ọdún mélòó kan wá. Àkọ́bí mi nìkan ni ìyá mi mọ̀ nínú àwọn ọmọ mi.

“Márùn-ún ni wá, Màmá.”

Ó ní kí n tún un sọ.