Adégbọlá Ọ̀tá Èbu

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Adégbọlá nínú ìjọ wọn, ìtàn ọjọ́ ìṣílé Felix, ọ̀kan lára wọn, ní Mitchellville nílẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo ẹnu kọ́kọ́ máa ń sáré sí. Pásítọ̀ ti gbé òróró sókè, gbogbo èèyàn ti dijú. Adégbọlá nìkan ló kúnlẹ̀ sẹ́yìn àga, tó dorí kodò. Wọ́n rò pé àdúrà ló wọ̀ ọ́ lára. Àdúrà kọ́ o, kápẹ́ẹ̀tì ló ń gbóòórùn.

Ó dìde fùú. "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Nǹkan kan wà nínú ilé yìí."

"Jésù!" Ariwo ta. Ìyá àgbà kan ti ń wá ọ̀nà ẹnu ìlẹ̀kùn. Pásítọ̀ sún mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀: "Bọ̀dá, kí lẹ rí?"

"Èbu," ni Adégbọlá wí. "Ó ń hù lẹ́yìn ògiri."

Inú bí Felix. "Ilé tuntun! Ilé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ẹ̀!" Wọ́n di ìrẹsì Adégbọlá sínú fọ́ìlì, wọ́n sì sìn ín dé ìdí mọ́tò. Kí ewé igi tó rẹ̀ dànù lọ́dún náà, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fọ́ ògiri ìsàlẹ̀ ilé Felix. Èbu ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Felix ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Adégbọlá ló bá a sọ fún gbogbo ayé.

Rẹ̀mílẹ́kún, ìyàwó rẹ̀, kì í bá wọn rẹ́rìn-ín ìtàn yẹn. Òun ló ń bá ọkùnrin náà gbélé ní Fort Washington. Nọ́ọ̀sì ni. Bó bá ti ọsibítù dé, tẹ́sẹ̀ rẹ̀ wú, tó ní kóun ṣí fèrèsé, Adégbọlá á ti yọ sí i.

"Ìyá Ọpẹ́! Ṣé gbogbo omi odò Potomac lo fẹ́ pè wọlé ni?"

"Ooru ń mú mi, Bàbá Ọpẹ́!"

"Omi ló wà nínú ooru ìta yẹn. Tó bá ti kan ògiri tútù, omi ló máa dà padà. Tan amúlétutù!"

Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sá aṣọ sínú ilé. Ẹni tó bá wẹ̀ gbọ́dọ̀ tan fáànù ilé ìwẹ̀. Aago kékeré kan wà ní yàrá ìdáná tó ń sọ bí ọ̀rinrin ilé ṣe pọ̀ tó; tó bá ti lé ní àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ọkàn bàbá ò ní balẹ̀ mọ́. Rẹ̀mílẹ́kún á gbé ẹ̀wà kaná, Adégbọlá á dúró tì í, ó di ọmọrí ìkòkò mú bíi jagunjagun.

"Ọkọ ẹlòmíràn ń ṣọ́ ìyàwó," ni Rẹ̀mílẹ́kún máa ń wí, "tèmi ń ṣọ́ ooru ẹ̀wà."

Èyí tó dùn ún jù ni pé àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ò mọ Ọpẹ́, ọmọ wọn. Kí tọkọtaya náà tó ra ilé, ìsàlẹ̀ ilé onílé kan ni wọ́n háyà ní District Heights. Èbu hù lára ògiri yàrá ọmọ wọn. Wọ́n ké sí onílé. "Ẹ máa ṣí fèrèsé," ló wí. Wọ́n ṣí i ní gbogbo ìgbà ooru, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Wọ́n tún ké sí i. Ó gbé ọ̀dà funfun wá, ó kùn ún lé èbu lórí, ó ní ó ti bùṣe. Adégbọlá tiẹ̀ dúpẹ́. Ikọ́ ásímà tó ń bá Ọpẹ́ jà ń le sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri funfun yẹn, títí ó fi gbẹ̀mí ẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún méje. Onílé fi káàdì ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́, ó sì fi yàrá náà háyà fún ẹlòmíràn.

Látìgbà náà, Adégbọlá ò gba ògiri kankan gbọ́ mọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú òun náà lọ níkẹyìn. Lẹ́yìn ìsìnkú, èrò kún ilé, Felix bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìṣílé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Inú Rẹ̀mílẹ́kún korò bíi jogbo. Ó ń wá ọ̀nà àtidìde ni Kíkẹ́lọmọ, ìyàwó Felix, wá jókòó tì í.

"Mọ́mì, ẹ ṣeun o, fún gbogbo Sátidé yẹn."

"Sátidé wo?"

"Tí bàbá máa ń wá sílé wa. Látìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé Ethan ọmọ wa ní ásímà. Wọ́n á da omi inú ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin nù, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbóòórùn gbogbo kọ̀rọ̀ yàrá ọmọ náà, wọ́n á lọ. Wọn kì í jẹun. Ethan ti ń gbá bọ́ọ̀lù báyìí, Mọ́mì."

Rẹ̀mílẹ́kún lajú sí i. Ní gbogbo Sátidé ni Adégbọlá máa ń wọ mọ́tò, á ní ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ lòun ń lọ, òun tí orí rẹ̀ pá kodoro.

"Kíkẹ́lọmọ," ló wí, "mo rò pé obìnrin ló ní síbẹ̀ ni."

"Háà! Mọ́mì!"

"Mo tiẹ̀ ti gbààwẹ̀ lé obìnrin náà lórí!"

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Rẹ̀mílẹ́kún rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń dà lójú rẹ̀, kò sì mọ ìgbà tó di ẹkún. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní kí wọ́n pe Ethan wá. Ọmọ náà sáré gun àtẹ̀gùn wá látìsàlẹ̀, ó kúnlẹ̀ ìkúnlẹ̀ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, orúnkún kan ṣoṣo. Rẹ̀mílẹ́kún na ọwọ́, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e láyà bí nọ́ọ̀sì ṣe ń ṣe, ó tẹ́tí sílẹ̀. Èémí rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ó mọ́ gaara.

"Bàbá Ọpẹ́," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹ kúuṣẹ́ o."